OMI KAN NÁÀ, OWÓ Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀



Nígbà tí ọmọ wa bá kúrò lábúlé tí ó lọ sí Lomé, ohun tí a máa ń sọ ni pé: "Ó ti dé ibi tí iná wà. Ó ti dé ibi tí omi ẹ̀rọ wà." Òótọ́ ni. Iná wà ní Lomé, omi ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè. Ta ni ó ní in nínú ilé ara rẹ̀? Ta ni ó ń rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ta ni kò rí i rárá? Èló sì ni olúkúlùkù ń san?

Adakpamé ni mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkọ àti kíkà. Ẹ má ṣe rò pé Atakpamé ni mo wí. Atakpamé ni ìlú àwọn Ifẹ̀ tí ó wà láàárín òkè, ní nǹkan bí 160 kìlómítà sí Lomé níhà àríwá. Adakpamé jẹ́ àdúgbò kan ní ìlà-oòrùn Lomé, kò jìnnà sí èbúté ọkọ̀ òkun. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Bí òjò ńlá bá dé láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, omi máa ń dúró lójú ọ̀nà, ó sì máa ń wọ ilé àwọn kan.

Nínú kíláàsì wa, àwọn kan wá láti Atakpamé, àwọn kan láti Kambolé, àwọn kan láti Kétu àti Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Àwọn ará Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin tí ń tajà. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni ó gbé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí jáde.

ILÉ MẸ́TA LÓJÚ Ọ̀NÀ KAN

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín rìn lójú ọ̀nà kan ní àdúgbò wa. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ilé mẹ́ta péré ni a ó wò.

Ilé kìíní jẹ́ ti bàbá kan tí ó ń gba owó oṣù. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga kí omi òjò má baà wọlé. Omi ẹ̀rọ wà nínú ọgbà, ó sì wà nínú ilé ìdáná. Ẹ̀rọ kékeré tí ń ka iye omi tí wọ́n lò, èyí tí wọ́n ń pè ní compteur lédè Faransé, wà lára ògiri. Èyí tí ń ka iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ìgbẹ́ wọn jẹ́ èyí tí a ń da omi sí, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì mọ ihò rẹ̀ yípo. Bí ó bá kún, ọkọ̀ ńlá ni ó máa ń wá fà á. Ènìyàn mẹ́fà ni ó ń gbé ibẹ̀.

Ilé kejì jẹ́ ilé àwọn ayálégbé. Yàrá mẹ́jọ ni, ìdílé mẹ́jọ ni ó sì wà nínú wọn. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà láàárín ọgbà, onílé sì fi àgádágodo tì í. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó onílé yóò ṣí i, yóò sì máa ta omi ní korobá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó ń ka iná gbogbo wọn. Lóṣooṣù, onílé á ka gílóòbù, á ka fáànù, á ka tẹlifíṣọ̀n, á sì pín owó náà bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Ṣáláńgá kan ni gbogbo ilé ń lò. Irú ilé yìí ni púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń gbé. Irú rẹ̀ ni èmi náà ń gbé.

Ilé kẹta wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Pákó àti páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Opó kan ni ó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Kànga kan wà nítòsí tí kò jìn rárá. Omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ̀, òun ni wọ́n fi ń fọṣọ. Omi tí wọ́n ń mu àti èyí tí wọ́n fi ń dáná, ilé kejì ni wọ́n ti ń rà á. Ṣùgbọ́n bí owó bá tán, omi kànga náà ni wọ́n ń mu. Wọn kò ní ṣáláńgá. Lálẹ́, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń tàn. Bí bátìrì tẹlifóònù bá kú, wọ́n á san owó fún ẹni tí yóò bá wọn gbà á níná.

Láti ilé kìíní dé ilé kẹta, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

ÌṢIRÒ TÍ Ó PA WÁ LẸ́NU MỌ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń kọ́ ìsọdipúpọ̀. Mo ní kí olúkúlùkù mú ohun kan wá tí ó ń rà lójoojúmọ́. Ẹnì kan mú epo, ẹnì kan mú ọṣẹ. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ, tí ó ń gbé nínú yàrá kan ní ilé kejì, na ọwọ́ sókè.

Ó ní: "Tíṣà, omi ni kí ẹ bá mi ṣírò."

Mo ní: "Korobá mélòó ni ẹ ń rà lójúmọ́, Ìyá?"

"Márùn-ún. Àwa márùn-ún ni a wà nínú yàrá."

"Èló ni korobá kan?"

"Sẹ́fà 25."

Korobá tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ń gba 20 lítà. Mo kọ ọ́ sí ojú pátákó báyìí:

Ọjọ́ kan: korobá 5 × sẹ́fà 25 = sẹ́fà 125.
Oṣù kan: sẹ́fà 125 × ọjọ́ 30 = sẹ́fà 3,750.

Ìyá wo pátákó náà títí. Ó ní: "Ẹ tún un ṣe, Tíṣà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìsọ̀ tí mo ń san lọ́jà."

Mo tún un ṣe. Iye kan náà ni ó jáde. Ó ní: "Mo rò pé sẹ́fà 25 kò tó nǹkan."

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé kìíní. Mo bẹ bàbá onílé pé kí ó yá mi ní ìwé owó omi rẹ̀. Ó fún mi tinútinú. Ìwé owó omi kì í ka korobá. 1,000 lítà ni ó ń kà. Nítorí náà a kọ́kọ́ bèèrè pé: korobá mélòó ni ó wà nínú 1,000 lítà? Ìdáhùn rẹ̀ ni 50, nítorí pé 20 × 50 = 1,000. Bí korobá kan bá jẹ́ sẹ́fà 25, 1,000 lítà di sẹ́fà 1,250 lọ́wọ́ ìyá alẹ́kọ. Lára ìwé bàbá onílé, iye tí ó san fún 1,000 lítà kò tó ìdajì rẹ̀.

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Omi kan náà ni. Inú páìpù kan náà ni ó ti jáde. Ẹni tí ó lówó jù ni ó ń san owó kékeré. Ẹni tí kò ní ni ó ń san owó ńlá, ó sì tún ń fi orí rù ú.

Ẹ̀yin náà lè ṣe ìṣirò yìí níbi tiyín. Ẹ fi iye tí ẹ ń san gan-an rọ́pò sẹ́fà 25. Ẹ má ṣe rò pé Lomé nìkan ni ó rí báyìí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ omi nílé ni ó ń san jù fún lítà kan.

Ìṣirò kan ṣì kù. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin Tógò fi ọwọ́ sí ni sẹ́fà 52,500. Bí ẹni tí ó ń gba owó yìí bá san sẹ́fà 3,750 fún omi, ó ti san nǹkan bí 7 nínú gbogbo 100. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé kò yẹ kí owó omi ju 3 lọ nínú 100 owó tí ń wọlé fún ìdílé. Wọ́n sì sọ pé ènìyàn kan nílò 50 sí 100 lítà lójúmọ́. Ìyá alẹ́kọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń lo 20 lítà péré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí já sí pé owó wọn pọ̀, omi wọn kò sì tó.

KÍ NI Ó FÀ Á?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bínú. Àwọn kan ní onílé ni olè. Mo ní kí a fara balẹ̀ wò ó, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju onílé kan lọ. A rí ìdí mẹ́rin.

Ìdí kìíní ni owó àkọ́san. Kí omi tó dé ilé rẹ, o gbọ́dọ̀ san owó páìpù àti owó ẹ̀rọ tí ń ka omi. Owó náà pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń bèèrè rẹ̀. Tálákà lè rí sẹ́fà 125 lónìí, kí ó tún rí 125 lọ́la. Ṣùgbọ́n kò lè rí owó ńlá kó jọ lójú kan. Nítorí náà ó ń san díẹ̀díẹ̀ títí ayé, iye tí ó sì san á ti ju owó àkọ́san lọ.

Ìdí kejì ni pé ayálégbé kò ní ilé. Bí ó tilẹ̀ rí owó, kò lè lu ògiri onílé láti fi páìpù sí i. Bí wọ́n bá sì lé e jáde lọ́la, páìpù kò ní bá a lọ.

Ìdí kẹta ni ìpele owó. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ọ́n. Ní Tógò, owó omi àti owó iná ní ìpele. Ẹni tí ó bá lo díẹ̀ wà ní ìpele àkọ́kọ́, owó ibẹ̀ sì kéré. Bí o bá ti ń lò ó sí i, owó lítà kan á máa ga sí i. Ìjọba ṣe é báyìí láti ran tálákà lọ́wọ́. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé kejì. Ìdílé mẹ́jọ ń lo ẹ̀rọ kan. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ń lo díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé mẹ́jọ ni wọ́n. Lójú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń lo omi púpọ̀. Ó sì gbé gbogbo wọn lọ sí ìpele tí ó wọ́n. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo owó tí onílé ń gbà ni ó jẹ́ èrè tirẹ̀. Bí ti omi ṣe rí ni ti iná rí.

Ìdí kẹrin ni ibi tí ènìyàn ń gbé. Ilẹ̀ tí tálákà lè rí yá tàbí rà ni èyí tí ó rẹlẹ̀, tí páìpù kò dé, tí òpó iná kò sì dé.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020 tí ó fi ìdí kẹta hàn kedere. Nígbà àrùn kòrónà, ìjọba Tógò kéde ní oṣù kẹrin ọdún náà pé ìpele àkọ́kọ́ omi àti iná yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Inú bàbá tó ni ilé kìíní dùn. Ṣùgbọ́n opó tí ó wà ní ilé kẹta kò ní ẹ̀rọ tí ń ka omi. Kò sí ìwé owó kankan tí ó ń wá sí orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò dín owó kù fún un?

Ní oṣù kan náà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Novissi. Èyí gba orí tẹlifóònù. Ẹni tí ó ní káàdì ìdìbò, tí iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò rẹ̀ dúró nítorí àrùn náà, lè fi tẹlifóònù forúkọ sílẹ̀. Ní agbègbè Lomé, obìnrin gba sẹ́fà 12,250 lóṣù, ọkùnrin gba sẹ́fà 10,500. Kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá obìnrin náà ní ẹ̀rọ tí ń ka omi nílé. Ìyá alẹ́kọ wà lára àwọn tí ó rí owó náà gbà. Ìrànwọ́ méjì ni ìjọba ṣe. Ọ̀kan gba ara ògiri ilé kọjá, ó sì pàdánù àwọn tí kò ní ilé. Èkejì gba ọwọ́ ènìyàn kọjá, ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

BÍ A ṢE Ń MỌ ẸNI TÍ Ó NÍ ÀTI ẸNI TÍ KÒ NÍ

Bóyá àwọn kan ti wá sí abúlé yín rí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí wọ́n ń bèèrè pé: "Níbo ni ẹ ti ń pọn omi? Irú ṣáláńgá wo ni ẹ ń lò? Kí ni ẹ fi ṣe ilẹ̀ yàrá yín? Ṣé ẹ ní rédíò? Ṣé ẹ ní kẹ̀kẹ́?" Àwọn kan máa ń sá fún wọn, wọ́n á ní owó orí ni wọ́n fẹ́ gbà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wáyé ní Tógò ní ọdún 1988, ní ọdún 1998, àti láàárín ọdún 2013 sí 2014.

Ó ṣòro láti bi àgbẹ̀ pé èló ní ń wọlé fún un lóṣù, nítorí pé owó àgbẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù. Nítorí náà wọ́n ń wo ohun tí ó wà nínú ilé. Wọ́n á fi àwọn ohun wọ̀nyí to gbogbo ènìyàn láti orí ẹni tí ó kù díẹ̀ káàtó jù dé orí ẹni tí ó rí ṣe jù. Wọ́n á sì pín wọn sí ọ̀nà márùn-ún tí ó dọ́gba.

Kí ni wọ́n rí? Nínú ìdá márùn-ún tí ó wà lókè, púpọ̀ ni ó ní iná mànàmáná. Nínú èyí tí ó wà nísàlẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lọ sí inú igbó láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ará abúlé ni ó pọ̀ jù nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn oníwèé bá dé, ẹ dá wọn lóhùn, ẹ sì sọ òótọ́. Ẹni tí a kò bá kà, a kì í gbẹ́ kànga fún un.

ÀRÙN KÒ MỌ ÀÀLÀ ILẸ̀

Ní ìgbà òjò kan, opó ilé kẹta kò rí owó ra omi fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n mu omi kànga. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ rẹ̀ tí ó kéré jù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru. Nígbà tí yóò fi di alẹ́, ojú ọmọ náà ti wọnú. Ìyá alẹ́kọ ti kọ́ nípa omi oníyọ̀ àti ṣúgà ní kíláàsì. Ó pò ó, ó fún ọmọ náà ní ṣíbí kan tẹ̀ lé òmíràn títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè. Ó ń sáré káàkiri lónìí.

Kí ni ó ba omi kànga náà jẹ́? Ẹ fojú inú wo ilẹ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 30 mítà, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 mítà. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ṣáláńgá àti kànga jìnnà sí ara wọn tó 30 mítà. Lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé ṣe. Bí o bá sì gbé ṣáláńgá rẹ jìnnà sí kànga rẹ, ó lè wá sún mọ́ kànga aládùúgbò rẹ. Bí òjò bá rọ̀, omi inú ilẹ̀ á gòkè, á wọ inú ṣáláńgá, á sì ru ìdọ̀tí lọ sínú kànga. Ojú kò rí i. Omi náà lè mọ́ gaara, kí àrùn sì wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó lówó lè rò pé èyí kò kan òun. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1854. Àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó lé ní 500 ní àdúgbò kan. Dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Snow lọ láti ilé dé ilé. Ó rí i pé àwọn tí ó kú ń mu omi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà ní Broad Street. Ihò ìgbẹ́ kan tí ó ń jò wà nítòsí ẹ̀rọ náà. Opó kan tí ó rí ṣe ti kó kúrò ní àdúgbò náà lọ sí Hampstead, níbi tí afẹ́fẹ́ ti dára, tí àrùn náà kò sì sí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn omi Broad Street, wọ́n sì ń gbé e lọ fún un. Ó mu ún, ó sì kú.

Àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Bàbá tó ni ilé kìíní ń jẹ ẹ̀kọ. Ta ni ó ń se é? Omi wo ni wọ́n fi ń fọ abọ́ rẹ̀?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣeé ṣe ní Adakpamé. Wọ́n sì ṣeé ṣe ní abúlé.

1. Ẹ ṣírò owó omi àti owó iná yín fún oṣù kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ta iná oòrùn fún yín, ẹ ṣírò òun náà. Láti ọdún 2017 ni ètò CIZO ti ń jẹ́ kí àwọn ará abúlé Tógò ra iná oòrùn, kí wọ́n sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó oṣù kan sọ iye oṣù di púpọ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé.

2. Ẹ dá àjọ. Owó àkọ́san tí ẹnì kan kò lè san, ènìyàn mẹ́jọ lè san án. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

3. Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí kànga, kí ó tó 30 mítà. Kí ṣáláńgá wà níbi tí ilẹ̀ ti dà sí ìsàlẹ̀, kí kànga wà lókè. Níbi tí omi kò bá jìn nínú ilẹ̀, ẹ má gbẹ́ ihò jìn. Ẹ mọ ọ́n sókè, kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀.

4. Ẹ fi ìdérí bo kànga, kí ẹ sì mọ etí rẹ̀ ga. Ẹ yan okùn kan àti korobá kan fún un. Ẹ má ṣe gbé korobá náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

5. Ẹ se omi mímu kí ó hó. Bí igi ìdáná bá wọ́n, ẹ lo oòrùn. Ẹ bu omi tí ó mọ́ gaara sínú ìgò rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀, tí kò ju 2 lítà lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí 6. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí omi náà bá dọ̀tí, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ.

6. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

7. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà: lítà 1 omi tí ó mọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá ọmú dúró. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ da èyí tí ó kù nù, kí ẹ po tuntun. Bí ojú ọmọ bá wọnú, bí kò bá lè mu nǹkan, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí bí ìgbẹ́ bá dà bí omi ìrẹsì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE RÍ BÁYÌÍ

Àwọn ayálégbé ilé kejì kó ara wọn jọ. Ìyá alẹ́kọ ni wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀. Ó mú ìwé àjákọ rẹ̀ lọ bá onílé, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Ó ní: "Bàbá, a kò wá bá yín jà. A wá fi ìṣirò hàn yín ni."

Onílé wò ó. Ó bínú díẹ̀. Ó ní òun ni òun san owó páìpù, ẹnikẹ́ni kò ràn òun lọ́wọ́. Òótọ́ ni ó sọ. Òun náà mú ìwé owó omi tirẹ̀ jáde, wọ́n sì jọ kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn ayálégbé rí iye tí òun fúnra rẹ̀ ń san. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Onílé gbà láti sọ korobá di sẹ́fà 20. Sẹ́fà 5 kéré lójú. Ṣùgbọ́n korobá 5 lójúmọ́, fún ọjọ́ 30, di sẹ́fà 750 lóṣù. Lọ́dún kan, ó di sẹ́fà 9,000. Ó tún gbà pé kí wọ́n dá àjọ, kí wọ́n fi gbẹ́ ṣáláńgá kejì. Ṣùgbọ́n kò gbà kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí ń ka omi tirẹ̀. Wọn yóò tún padà lọ bá a.

Opó ilé kẹta ṣì ń ra omi. Páìpù kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò mẹ́fà wà lórí páànù ilé rẹ̀ nínú oòrùn lójoojúmọ́. Ó sì ti wọ kíláàsì wa. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ní òun fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe ń ka ìwé owó omi. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí pé kò tíì ní ẹ̀rọ omi.

Ó ní: "Tíṣà, ọjọ́ tí yóò dé, kí ó bá mi ní ìmúrasílẹ̀."

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ní abúlé yín, ta ni omi sún mọ́ jù? Ta ni ó jìnnà sí jù? Kí ni ó fà á?

2. Èló ni ìdílé yín ń ná lórí omi àti iná lóṣù kan? Ẹ ṣe ìṣirò náà sínú ìwé yín.

3. Mítà mélòó ni ó wà láàárín ṣáláńgá yín àti kànga tí ó sún mọ́ ọn jù? Ẹ lọ wọ̀n ọ́n.

4. Ṣé ó tọ́ kí onílé ta omi? Iye wo ni ó yẹ kí ó jẹ́? Ẹ jẹ́ kí onílé àti ayálégbé tí ó wà nínú kíláàsì yín sọ ti ẹnu wọn.